Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́, orúkọ ta ni? Bí àwọn obìnrin onímọ̀ ṣe ń jọ ṣe ìwádìí

Lọ́dún 2022, ìwé àtìgbàdégbà Nature gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ikọ̀ olùwádìí ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Àwọn tó ṣe é kò dúró lórí àpilẹ̀kọ tó ti jáde nìkan. Wọ́n lọ yẹ àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ wò kí wọ́n lè mọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo àwọn tí orúkọ wọn hàn. Nínú àwọn tó jọ wà ní ikọ̀ kan náà, àǹfààní pé orúkọ obìnrin yóò wà lórí àpilẹ̀kọ fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọkùnrin. Tó bá wá di ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun jáde, àlàfo náà fẹjú dé ìdá 58.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwádìí àjọṣe láàárín àwọn obìnrin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé ẹgbẹ́ ìtùnú ni, pé àwọn obìnrin kàn fẹ́ jókòó pọ̀ kí wọ́n máa gba ara wọn níyànjú. Ìgbaniníyànjú wà níbẹ̀, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e ró ni ìṣirò: iye àpilẹ̀kọ, ipò orúkọ lórí àpilẹ̀kọ, àti ohun tí ìgbìmọ̀ ìgbéga yóò kà fún ẹni ní ọdún márùn-ún òní.

Ibi tí orúkọ ti ń jò

UNESCO sọ nínú ìròyìn sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ti ọdún 2021 pé obìnrin jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùwádìí lágbàáyé. Lọ́dún 2013, àwọn kan ti ka àpilẹ̀kọ tó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, wọ́n sì rí i pé bí obìnrin kan bá jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkùnrin méjì tó wà ní ipò yẹn. Wọ́n tún rí i pé àpilẹ̀kọ tí obìnrin bá jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ tàbí ìkẹyìn lórí rẹ̀ kì í rí ìtọ́kasí láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí mìíràn tó bí èyí tí ọkùnrin wà ní ipò kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Jocelyn Bell Burnell ló kọ́kọ́ rí àmì àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pulsar lọ́dún 1967 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1974 bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ àti ọkùnrin mìíràn. Chien-Shiung Wu ló darí àyẹ̀wò tó fi hàn pé àbá tí àwọn ọkùnrin méjì kan gbé kalẹ̀ lọ́dún 1956 nínú ìmọ̀ físíìsì tọ̀nà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì gba Nobel; orúkọ Wu kò sí níbẹ̀. Nígbà tó di 1993, òpìtàn Margaret Rossiter sọ àṣà yìí lórúkọ. Ó pè é ní Matilda, látara Matilda Joslyn Gage, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni iṣẹ́ Heather Sarsons lórí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà. Obìnrin tó bá dá kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ ń jàǹfààní rẹ̀ nígbà ìgbéga bíi ti ọkùnrin. Bó bá bá ọkùnrin kọ ọ́, èrè tirẹ̀ á wálẹ̀, bí ẹni pé àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ ti gbà nínú ọkàn wọn pé ọkùnrin yẹn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀ ló bá kọ ọ́, ìyà yẹn kò sí. Kì í ṣe pé kí obìnrin má bá ọkùnrin ṣiṣẹ́ mọ́ ni èyí ń wí. Ohun tó ń wí ni pé ó yẹ kí àwọn iṣẹ́ kan wà nínú àkójọ obìnrin onímọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè béèrè lórí wọn pé ta ló ṣe é gan-an.

Ìwádìí mìíràn tún wà, ti ọdún 2017, tí àwọn obìnrin mẹ́rin jọ kọ, Linda Babcock sì ni àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn. Wọ́n kó ènìyàn jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì láàárín ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn á jèrè, àmọ́ èrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló máa kéré jù. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti dàpọ̀, obìnrin ló ń tẹ̀ ẹ́ jù. Níbi tó bá jẹ́ obìnrin nìkan, tàbí ọkùnrin nìkan, ìyàtọ̀ náà pòórá. Bọ́tìnì yẹn ni iṣẹ́ tí kò ń gbéni ga ní yunifásítì: kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, pípe àwọn àlejò, títún àkójọ ìwé ìtọ́kasí tò.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí rò pé ikọ̀ obìnrin nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ. Àlàfo tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin ló lọ. Èyí tó wà láàárín ọ̀jọ̀gbọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, láàárín ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró sán-ún àti ẹni tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí lóṣù mẹ́wàá sí i, wà níbẹ̀ digbí. Ó tilẹ̀ lè burú sí i, torí ta ni ó fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe é lóore du orúkọ?

Àpẹẹrẹ tó ti pẹ́ tó láti fi kọ́gbọ́n

Àwọn obìnrin onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n ṣe èyí tó létò jù lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Kristin Lauter, Rachel Pries àti Renate Scheidler pe àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìmọ̀ nọ́ńbà jọ sí Banff lórílẹ̀-èdè Kánádà. Kì í ṣe àpérò tí wọ́n ti ń ka bébà kí oníkálukú tó gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n pín ara wọn sí ikọ̀ kéékèèké. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí ìṣòro náà yóò já sí ló ń ṣáájú, wọ́n ti yan ìṣòro kalẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti fi ìwé kíkà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ inú ikọ̀. Ọ̀sẹ̀ ìpàdé náà wá di ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n túká, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bá iṣẹ́ lọ, ìwé kan sì wà níwájú tí àpilẹ̀kọ wọn yóò jáde nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò mìíràn ti gba ètò yìí lò látìgbà náà.

Ohun mẹ́ta ló mú un ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọ̀dọ́ ní àkókò àti ọgbọ́n kọ̀ǹpútà, àgbà mọ ìṣòro tó ṣeé yanjú láàárín ọdún kan àti èyí tí yóò gba mẹ́wàá. Èkejì, àgbà kò dá wà nínú ikọ̀. Bí ọ̀kan bá ní ìdíwọ́, iṣẹ́ kò kú. Ẹ̀kẹta ni ìwé tó ti wà nílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ wọn kí iṣẹ́ tó parí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ń kú sí ni àárín ìgbà tí èsì ti jáde àti ìgbà tí ẹnì kan yóò jókòó kọ ọ́. Ọjọ́ tí ará òde dá fúnni ń ṣe ohun tí ọjọ́ tí a dá fúnra wa kì í lè ṣe.

Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna náà wà níbẹ̀ fún àríkọ́gbọ́n. Ọdún 2011 ni wọ́n pàdé níbi àpérò kan ní Puerto Rico. Charpentier mọ bakitéríà. Doudna mọ bí èròjà RNA ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpilẹ̀kọ wọn lórí gígé DNA jáde lọ́dún 2012, wọ́n sì gba Nobel kẹ́mísírì lọ́dún 2020. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà fi kún un pé àwọn ọ̀dọ́ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ Doudna, èkejì láti ọ̀dọ̀ Charpentier, ni wọ́n kọ sí iwájú àpilẹ̀kọ náà, pẹ̀lú àkíyèsí pé iṣẹ́ wọn dọ́gba. Àwọn ọ̀gá méjèèjì wà ní ìparí. Ipò orúkọ oníkálukú wọn hàn kedere.

Ojú ewé kan ṣáájú iṣẹ́

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ojú ewé kan tó. Àdéhùn tó bá ju ojú ewé méjì lọ, ẹnikẹ́ni kò ní kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Orí ìbéèrè ìwádìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, ta ni yóò ṣe kí ni. Ọ̀nà tó dára jù fún èyí ni ètò CRediT, tó pín iṣẹ́ ìwádìí sí ipa 14: ẹni tó mú èrò wá, ẹni tó gbé ọ̀nà ìwádìí kalẹ̀, ẹni tó kó dátà jọ, ẹni tó tò ó, ẹni tó ṣe ìtúpalẹ̀, ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tó wá owó, ẹni tó ṣe àbójútó, ẹni tó kọ àkọ́kọ́, ẹni tó tún un kọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti di òṣùwọ̀n tí a tẹ́wọ́ gbà láti ọdún 2022, ọ̀pọ̀ jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, sì ń béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ló ń dúró di ọjọ́ tí jọ́nà bá béèrè kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tún un wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àwòrán iṣẹ́ tó bá yí padà níwájú gbogbo yín kì í dá ìjà sílẹ̀. Èyí tó yí padà ní kọ̀rọ̀ ló ń dá a sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ óò wá kan ètò orúkọ. Ní ìmọ̀ ìṣirò àti ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọrọ̀ ajé, álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tò ó, kò sí àríyànjiyàn. Ní ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, ẹni àkọ́kọ́ ló ṣiṣẹ́ jù, ẹni ìkẹyìn ló ni yàrá ìwádìí. Ikọ̀ tó bá pa ẹ̀ka ìmọ̀ méjì pọ̀ gbọ́dọ̀ sọ àṣà tí wọn yóò tẹ̀ lé, torí ohun tó jẹ́ iyì fún ẹnì kan lè jẹ́ ẹ̀tẹ́ lójú ìgbìmọ̀ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tí dátà yín sì lè bí àpilẹ̀kọ mẹ́rin, ẹ ṣe é bí àáró: tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣáájú lórí ọ̀kan. Àléébù kan wà nínú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ ló máa ń gbé èso tó dùn jù, àwọn tó kù sì lè má jáde láéláé. Nítorí náà, ẹni tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kúrú jù tàbí tí ìgbéga rẹ̀ sún mọ́ jù ni kí ó kọ́kọ́ mú. Ẹni tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n lè dúró de ìkẹyìn. Ikọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti ń mú àkọ́kọ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Àmì ìràwọ̀ tó ń sọ pé «àwọn méjì yìí jọ ṣe é dọ́gba» kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e. Ní àkójọ ìtọ́kasí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ṣì ni ayé ń rí.

Ta ló yẹ kó wà lórí àpilẹ̀kọ rárá? Ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, ICMJE, fi ohun mẹ́rin lélẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ pé: kí ènìyàn kópa gidi nínú èrò iṣẹ́ tàbí nínú dátà, kí ó kọ ọ́ tàbí kí ó tún un kọ pẹ̀lú ọpọlọ, kí ó fọwọ́ sí èyí tí wọn yóò tẹ̀ jáde, kí ó sì gbà láti dáhùn fún un. Ẹni tó kàn wá owó tàbí tó kàn jẹ́ olórí ẹ̀ka kò tíì kún ojú ìwọ̀n. Òfin yìí kan náà ló ń dáàbò bo ọ̀dọ́: ẹni tó bá kó dátà jọ, ẹ fún un láyè láti kọ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń kó dátà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, kí wọ́n wá sọ pé kò kọ gbólóhùn kan, nítorí náà kò tó òǹkọ̀wé. Ìwà yẹn ni ICMJE dìídì kọ̀.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Mẹ́rin sí mẹ́fà ni iye tó dára. Bí ẹ bá lé ní mẹ́jọ, ẹ ti di ìpàdé. Ìpàdé ọgọ́ta ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tó, ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yí po, kí ó má baà jẹ́ àbúrò inú ikọ̀ ni yóò máa tẹ bọ́tìnì yẹn títí. Láàárín ìpàdé méjì, ẹ fi wákàtí kan jókòó kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, ẹnu ní dídákẹ́, oníkálukú lórí apá tirẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ mọ iye tí wákàtí kan tí ẹlòmíràn ń dúró dè é nínú rẹ̀ jẹ́.

Ìwé àṣẹ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ni ó ń dá iṣẹ́ tó da ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ pọ̀ dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè béèrè tirẹ̀, ó sì lè gba oṣù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà nínú fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda: ẹnì kan kọ ọ́ pé «olùwádìí yìí nìkan ni yóò rí ọ̀rọ̀ yín», àwọn ènìyàn fọwọ́ sí i, ìgbà tó yá ni ó fẹ́ fi ohùn tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò lè ṣe é mọ́, àfi kó padà lọ bá gbogbo wọn. Ẹ kọ «ikọ̀ olùwádìí» sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Bí ìwádìí yín bá jẹ́ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ẹni méjì ó kọ́kọ́ ka ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìwé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi àmì sí kókó inú rẹ̀, kí wọ́n tó wá fi ti ara wọn wéra. Ibi tí àmì wọn bá ti yàtọ̀ ni ẹ óò ti jèrè ìwádìí náà. Ẹ má ṣe yára fọwọ́ bo ìyàtọ̀ nítorí pé ọ̀rẹ́ ni yín. Àárẹ̀ ikọ̀ àwọn obìnrin tó fẹ́ràn ara wọn nìyí: gbogbo ènìyàn ń sọ pé «ó dára gan-an», olùyẹ̀wò jọ́nà ló wá ń sọ òótọ́. Ẹ fún ẹnì kan ní iṣẹ́ alátakò fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan; kó kọ àléébù márùn-ún sílẹ̀ kó tó kọ ìyìn kan.

Lórí fáìlì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń di kálàmù mú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà ó gbé e fún ẹni tó kàn. Ìwé ìtọ́kasí kí ó wà ní àkójọ kan tí gbogbo yín ń lò. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà kan, ń ṣe èyí lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ààyè ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò ju 300 MB lọ, PDF a sì tètè kún un. Ẹ fi àkọlé nìkan síbẹ̀, kí PDF wà níbòmíràn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Ìdákẹ́ ni ó wọ́pọ̀ jù. Ẹnì kan kò fèsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà fún oṣù kan, àwọn tó kù ń bínú nínú ikùn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ torí wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, tàbí pé ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré kí ó gba ogún ọdún. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀nà àbájáde sínú àdéhùn: ẹni tó bá fẹ́ sinmi yóò sọ iye ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni báyìí, ohun tó ti ṣe ṣáájú ni yóò sì pinnu ipò orúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè jáde láìpàdánù orúkọ kì í sá.

Owó ni ìkejì. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń gba owó ìrànwọ́ ìwádìí, òun ló sì ń pín in fún àwọn yòókù. Ìwé àdéhùn láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ oṣù púpọ̀ mọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀ fún owó, ẹ béèrè bóyá ó gba ìtọ́jú ọmọ nígbà ìrìnàjò. Àwọn kan gbà á, ẹni tí kò bá béèrè ló ń fi owó ara rẹ̀ san án. OWSD, àjọ àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, tó fìdí kalẹ̀ sí Trieste ní Ítálì, ń fún àwọn tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé láìpẹ́ ní ẹ̀bùn tó lè dé 50,000 dọ́là. Ẹnì kan ló ń tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ̀ tó ti ní àpilẹ̀kọ lọ́wọ́ ló ń mú ìwé ìtọrọ ẹni náà lágbára.

Owó ìtẹ̀jáde tún wà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ìdáríjì owó yẹn, ọjọ́ tí ẹ bá ń fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Bí wọ́n bá ti gba àpilẹ̀kọ náà wọlé tán, ó lè ti pẹ́ jù. Jọ́nà tó bá ń fi ìyìn ránṣẹ́ sí yín nínú ímeèlì tó sì ṣèlérí ìtẹ̀jáde ní ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ sá fún un. Ẹ wò ó nínú DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ tó gbà.

Orúkọ fúnra rẹ̀ náà ń sọnù. Obìnrin tó bá yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó tàbí ìkọ̀sílẹ̀ lè rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì, tí ìtọ́kasí rẹ̀ kò sì pàdé mọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí tí wọ́n ń pè ní ORCID, tó ní dígíìtì mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, ń so wọ́n pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí gbogbo ikọ̀ gbà á kí wọ́n tó fi àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹni tí jọ́nà yóò máa kọ̀wé sí, kó má lo ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kú bí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

Ọjọ́ ìgbéga

Ìgbìmọ̀ kò sí nínú ikọ̀ yín, wọn kò mọ ẹni tó ṣe kí ni. Àwọn kan ń fún òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ ní máàkì púpọ̀, wọ́n á wá dín in kù bí orúkọ bá ṣe ń lọ sẹ́yìn. Nítorí náà, lábẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ yín, ẹ kọ ìlà kan: «Mo gbé ọ̀nà ìwádìí kalẹ̀, mo ṣe gbogbo ìtúpalẹ̀, mo sì kọ apá kẹta àti ìkẹrin.» Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú ètò CRediT mu lọ́rọ̀ kan sí èkejì, torí àwọn kan á lọ wò ó.

Àwọn àgbà inú ikọ̀ ló lè ṣe èyí tó kù. Nínú lẹ́tà àtìlẹ́yìn, wọn kì í kọ pé «òṣìṣẹ́ kára ni, ó ń bá gbogbo ènìyàn rẹ́». Ìyìn yẹn kò gbé ẹnikẹ́ni ga. Wọ́n ń kọ pé: «Èmi ni orúkọ mi wà ní ìparí, àmọ́ òun ló rí àṣìṣe inú àwòṣe wa, òun ló tún un ṣe, èsì tí gbogbo yín ń tọ́ka sí ì bá má sí láìsí i.»